Àmùwáà Bàbá Àgbà àti Kọ́kọ́rọ́ tó Wọ Ilẹ̀

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mi ò sì ní tìtorí rẹ̀ bá yín jà. Èmi náà, bí ẹlòmíràn bá sọ fún mi pé láàárín ìrun ọ̀sán àti ìrun ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, òun fi odidi ọdún mẹ́ta kéré sí i, láìlo oògùn, láìpa ewú láró, màá ní kó lọ sùn, kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi, ní Àjàṣẹ́ níbí, ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí irun ṣì pọ̀ lórí mi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí irọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi mí sí ilé ẹ̀kọ́, mi ò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Àbúrò bàbá mi kan kó èmi àti àwọn ọmọ mẹ́rin mìíràn lọ sí ilé ẹjọ́ kí wọ́n bá wa ṣe é. Adájọ́ kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wa. Ẹni tó kó wa lọ kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ẹlẹ́rìí méjì tó mú dání, orúkọ wa gan-an ni wọ́n ń bi ara wọn. Ni wọ́n bá ní kí oníkálukú fi ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kó di etí òsì mú. Ọwọ́ tèmi gùn bí ọwọ́ ọ̀bọ. Ó dé etí, ó tún ń wá ibòmíràn lọ. Wọ́n bá kọ ọ́ lédè Faransé pé a bí mi ní nǹkan bí ọdún báyìí, ọdún tí ìyá mi kò tíì fojú kan bàbá mi rí.

Mi ò bá wọn jiyàn. Kí ló dé tí màá fi jiyàn? Ìwé náà sọ mí di àgbà, àgbà sì dùn ún jẹ nílé wa. Èmi àti ọmọbìnrin kan la jọ dàgbà nílé bàbá àgbà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Wọn ò bí mi sí Àjàṣẹ́. Pobè ni wọ́n bí mi sí, níbi tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Nígbà tí wọ́n gbé mi dé, mo ti ń sáré kiri, mo sanra bí ìkòkò epo. Ọmọbìnrin náà rí tín-ín-rín, ibà kò jẹ́ kó tètè rìn. Kò sí ẹni tó rántí oṣù tí wọ́n bí èyíkéyìí nínú wa; gbogbo ilé wo èmi, wọ́n wo òun, wọ́n ní èmi ni ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ parí. Níhìn-ín, a ti yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn Gùn tí a jọ ń gbé: ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni Fofó, ẹ̀gbọ́n obìnrin ni Dadá. Àtìgbà tí ẹnu rẹ̀ ti là ló ti ń pè mí ní Fofó. Èmi ni mo ń kọ́kọ́ mú ẹran. Òun ló ń pọn omi tí mo fi ń wẹ̀. Bí ó bá sì fẹ́ ráhùn, màá ní, “Ṣé kí n lọ mú ìwé ilé ẹjọ́ wá ni?”

Ìwé yẹn ló wá yíjú padà bù mí jẹ. Mo ti di olùkọ́ kékeré ní abúlé kan nígbà tí ìjọba kéde kọ̀nkúù, ìdánwò ìdíje tí ènìyàn fi ń di akọ̀wé ìjọba. Ẹni tó bá ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ kò gbọdọ̀ jókòó sí i. Mo kó ìwé mi lọ. Akọ̀wé tó ń gba ìwé wò ó, ó wò mí, ó fi ìka tẹ ibi kan.

Ó ní, “Olùkọ́, ẹ ti dàgbà jù. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n.”

“Irọ́ ni ìwé yẹn pa.”

“Ìwé ìjọba ni.”

“Ìjọba náà sì ni wọ́n pa á fún.”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ sì gbà mí là díẹ̀. Ó ní bí mo bá ní káàdì ìrìbọmi tí pásítọ̀ fọwọ́ sí, tí àgbà kan láti ilé wa sì wá jẹ́rìí sí i níwájú òun, òun á gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀la ni wọ́n máa parí, tó bá ti di ọ̀sán gangan.

Káàdì náà wà. Bàbá mi ti sọ fún mi kó tó kú pé ọdún tí ilé ẹjọ́ kọ kì í ṣe ọdún mi, pé láti Pobè lòun ti fi káàdì ìrìbọmi mi ránṣẹ́ sí bàbá àgbà, àti pé inú àmùwáà rẹ̀ ló wà; àbúrò òun tó kó wa lọ sí ilé ẹjọ́ ni kò béèrè. Ní ti ìwé tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti rì mí bọmi, ikán ti fi jẹun. Àmùwáà náà nìkan ló kù. Wàhálà sì dé.

Kọ́bọ́ọ̀dù aláṣọ ńlá ni àmùwáà, igi ìrókò, tí káfíńtà Àgùdà kan kàn fún bàbá àgbà nínú yàrá gan-an, nítorí kò lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ó ga débi pé ó kù díẹ̀ kó kan àjà. Ilẹ̀kùn méjì ló ní, tí wọ́n gbẹ́ òdòdó sí lára, àgádágodo kan tí wọ́n kàn mọ́ inú wọn ló so ilẹ̀kùn méjèèjì pọ̀, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló sì ní. Nígbà tí bàbá àgbà kú, wọ́n wọ kóòtù dúdú fún un pẹ̀lú wésíkóòtù inú rẹ̀, wọ́n sin ín bí ó ṣe yẹ kí wọ́n sin bàbá ìjọ. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó wá kọ́kọ́rọ́. Inú àpò kékeré wésíkóòtù ló wà, ó ti bá olówó rẹ̀ wọ ilẹ̀.

Bó bá jẹ́ ilé ẹlòmíràn ni, wọ́n á ní àṣìṣe ni. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, àkọ́bí bàbá àgbà, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, kò gbà pé bàbá òun lè ṣe àṣìṣe, kódà lẹ́yìn ikú. Ó ní bàbá òun ló mọ̀ọ́mọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ. Ó ní ẹni tó bá fi irin kan àmùwáà náà, bàbá òun ló fi irin kàn. Ọdún mẹ́wàá kọjá. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Ẹnìkan ní góòlù ló wà níbẹ̀, ẹnìkan ní ìwé ilẹ̀. Ìyàwó ilé kan tó ti kó lọ ní fọ́tò obìnrin Èkó kan ni. Ìyá kàn ń nù ún ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó ń kí i, “Ẹ káàárọ̀, Bàbá,” bí ẹni pé wọ́n ṣì ń wọ bàtà níbẹ̀.

Mo dé ilé ní ọjọ́ náà kí ọ̀sán tó pọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ó ní, “Mo gbọ́. Mi ò ní kí o má ṣí i. Irin ni mo ní kó má kàn án.”

“Ìyá, kọ́kọ́rọ́ wo ni kì í ṣe irin?”

“Ti Bàbá nìkan ni mo mọ̀. Lọ gbà á lọ́wọ́ wọn.”

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, àbúrò mi, jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ka àwo tó rà ní ọjà Kraké lẹ́nubodè. Ó bú sẹ́rìn-ín. “Fofó, ẹ mú ṣọ́bìrì ná. Irin ni ṣọ́bìrì, ṣùgbọ́n itẹ́ òkú lẹ ti máa lò ó, kì í ṣe yàrá.”

Mo pinnu pé mi ò ní padà sí abúlé láìjẹ́ pé orúkọ mi wọ ìwé kọ̀nkúù yẹn. Ìbínú ẹ̀rín rẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí n pinnu. Mo gé ẹ̀ka igi gúáfà, mo jókòó sí àgbàlá, mo gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ igi. Mo fi èédú kun ún, mo tì í bọ ojú ihò, mo yọ ọ́, mo wo ibi tí èédú ti parẹ́, mo gbẹ́ ibẹ̀ sí i. Ọgbọ́n yìí, nínú ìwé Faransé kan ni mo ti kà á, mo sì ń ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe é, bí ẹni tó wà níwájú pátákó ìkọ̀wé. Ìgbà kẹrin, mo gbọ́ tí nǹkan mì nínú àgádágodo náà. Inú mi dùn, mo fi agbára kún un. Ó dún páú. Ìrù kọ́kọ́rọ́ ló wà lọ́wọ́ mi. Orí rẹ̀ ti há sínú ihò.

Àbúrò mi wá wò ó. Ó tẹjú mọ́ ihò náà pẹ́.

“Fofó, ẹ kú iṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lè ṣí i. Ní báyìí, bí Bàbá tilẹ̀ jí dìde, wọ́n á kan ilẹ̀kùn wọn tì níta.”

“Dákẹ́ ẹnu rẹ.”

“Mo ti dákẹ́. Ẹ̀rín ni kò dákẹ́.”

Ṣùgbọ́n òun náà ló rántí. Ó ní bàbá arúgbó kan wà ní àdúgbò Akron, mùsùlùmí ni, káfíńtà, tó máa ń bá òun tún àpótí àwo ṣe. Bàbá náà ti sọ fún òun rí pé ọ̀dọ̀ Àgùdà tó kan àmùwáà wa lòun ti kọ́ṣẹ́. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo ti dé ìta. Mo fẹsẹ̀ rìn dé Akron nínú oòrùn, táì wà lọ́rùn mi síbẹ̀.

Mo bá bàbá náà lórí ẹní, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun ọ̀sán tán. Mo kí i, mo ṣàlàyé, láti orí kọ̀nkúù dé orí igi gúáfà. Nígbà tí mo dé orí igi gúáfà, ó ní kí n tún ibẹ̀ sọ. Mo tún un sọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú.

Ó ní, “Akọ̀wé, kí ni ilẹ̀kùn fi ń dúró?”

“Àgádágodo ni, bàbá.”

“Àgádágodo ló ń mú un dání. Mo ní kí ló fi ń dúró?”

Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ní kò burú, ìyẹn ni wọn kì í kọ́ni ní ilé ìwé. Ó béèrè bóyá àkọ́bí olóògbé ṣì wà láàyè, mo ní ó wà. Ó ní tí kò bá sí níbẹ̀, òun kò ní fọwọ́ kàn án, torí ọ̀gá òun kò kọ́ òun láti máa ṣí àmùwáà olóògbé lẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Ó mú òòlù igi kan, ó mú àkísà, ó mú ọ̀pá igi méjì. Mo wo inú àpò rẹ̀ dáadáa. Irin kankan kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí a dé, Ìyá tú àpò náà fúnra rẹ̀, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò bí àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní Kraké. Ó gbà. Bàbá arúgbó gun àpótí, ó nu eruku ọdún mẹ́wàá kúrò lórí àmùwáà, ó sì pè mí kí n wá wòran. Adé àmùwáà náà, igi tí wọ́n gbẹ́ òdòdó sí lókè pátápátá, wọn kò fi ìṣó kàn án. Ó kàn jókòó ni, èèkàn igi mẹ́rin ló dè é mọ́ ìsàlẹ̀. Àwọn ilẹ̀kùn náà kò ní ìkọ́ irin. Ṣónṣó igi ló wà lórí wọn àti ní ìdí wọn, tó wọ inú ihò, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀kùn ilé àwọn baba ńlá wa kí ìkọ́ irin tó dé. Bí a bá ṣí adé, orí ilẹ̀kùn á bọ́. Gbogbo ìgbà yẹn ni mo fi ń bá ẹnu jà, tí orí sì wà ní gbangba.

Ó na òòlù sí Ìyá. “Ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ kàn án.”

Ìyá gba òòlù. Kò lu èèkàn rárá; ara ilẹ̀kùn ló fi kàn, ní ẹ̀ẹ̀mẹta, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, bí ènìyàn ṣe ń kan ilẹ̀kùn yàrá àgbà.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ọmọ yín fẹ́ mú ohun tí í ṣe tirẹ̀.”

Ó sún sẹ́yìn, ó sì mi orí sí bàbá arúgbó.

Èèkàn àkọ́kọ́ bọ́ láìjiyàn. Ìkejì náà bọ́. Ìkẹta ti wú, ó gba òógùn púpọ̀. Ìkẹrin kọ̀ jálẹ̀. Ó rẹ bàbá arúgbó, ó jókòó. Mo bọ́ kóòtù, mo gun àpótí, mo di àkísà mọ́ òòlù bí ó ṣe ní kí n ṣe, mo sì ń lù ú díẹ̀díẹ̀. Àbúrò mi di àpótí mú lábẹ́ mi. Ó ní, “Fofó, ẹ rọra, ẹ má tún lọ fọ́ ọ bíi ti gúáfà.” Mo ń lù ú títí apá fi ń ro mí. Nígbà tó yá, èèkàn náà yọ, ó já lulẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A fi ọ̀pá méjì gbé adé sókè, ó wúwo bí òkú ẹṣin. A gbé e kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èmi àti àbúrò mi di ilẹ̀kùn méjèèjì mú, a fà wọ́n sókè pọ̀, wọ́n bọ́ kúrò nínú ihò, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú síbẹ̀, àgádágodo kò ṣí, igi gúáfà mi kò kúrò nínú rẹ̀. A fi wọ́n ti ògiri bí tọkọtaya tó ń jà tí wọn ò sì fẹ́ fira wọn sílẹ̀.

Òórùn káńfọ̀ jáde. Kò sí góòlù. Kò sí obìnrin Èkó. Aṣọ funfun ló wà níbẹ̀, agboòrùn kan, ìwé orin, àti fìlà bàbá àgbà kan tí Ìyá mú, tó gbé lé itan, tí kò sì gbé sílẹ̀ mọ́. Lábẹ́ ìwé orin ni àpò ìwé kan wà tí wọ́n fi òwú dì. Káàdì ìrìbọmi gbogbo ọmọ ilé ló wà nínú rẹ̀.

Mo rí tèmi. Mo ka ọjọ́ ìbí mi. Mo fi ìka ṣírò rẹ̀, mo tún un ṣírò. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n! Mo pariwo, mo gbá bàbá arúgbó mọ́ra.

Àbúrò mi ní, “Tèmi ńkọ́?”

Tirẹ̀ ló tẹ̀lé e. Mo kà á. Mo tún un kà. Mo wá rọra fi í sábẹ́ àwọn tó kù.

Mo ní, “Tìrẹ ti parẹ́. Ikán.”

“Ikán wo? Ó ti wọ inú àmùwáà yìí rí?” Kó tó sọ ọ́ tán, ó ti já a gbà. Ó kàwé díẹ̀, oṣù àti ọdún kò sì ṣòro kà. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, mo sì rí ẹ̀rín kan tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Ó ní, “Ìyá. Oṣù mẹ́rin. Mo fi oṣù mẹ́rin jù ú lọ.”

Mo ní ìyẹn kò kan ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Mo ní ti ìjọba ni káàdì tèmi, ti ilé yàtọ̀. Ohun tí ilé ti gbà fún ọdún tó pọ̀ báyìí, káàdì kan kò lè yí i. Mo sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo rò pé mo tilẹ̀ sọ Faransé díẹ̀.

Ìyá kò gbójú kúrò lára fìlà. “Ọwọ́ kan náà ló fi wọ́n síbẹ̀. Bí tìrẹ bá jẹ́ òtítọ́, tirẹ̀ náà jẹ́ òtítọ́. Bí tirẹ̀ bá jẹ́ irọ́, màá lọ sọ fún akọ̀wé yẹn lọ́la pé irọ́ ni tìrẹ náà. Èwo ni kí n lọ sọ?”

Bàbá arúgbó kó òòlù rẹ̀ sápò. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ èsì kí òun tó lọ kírun, kó má baà dá òun láàmú nínú ìrun.

Mo wo káàdì ọwọ́ mi. Mo rántí abúlé yẹn, àwọn ọmọ ọgọ́rin nínú yàrá kan, òrùlé tó ń jò. Ọdún wo ni wọ́n máa tún ṣe kọ̀nkúù mìíràn, kí n sì máà tíì ju ọgbọ̀n lọ? Mo dọ̀bálẹ̀.

Mo ní, “Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Dadá.”

Ẹ̀rín tí obìnrin yẹn rín, wọ́n gbọ́ ọ dé etí ọ̀sà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti wà ní ìdúró lẹ́nu ọ̀nà mi kí n tó jí. Ó ní òun náà ń bá wa lọ, torí ẹ̀gbọ́n kì í jẹ́ kí àbúrò nìkan lọ ibi tí wọ́n ti lè rẹ́ ẹ jẹ. Ìyá wọ aṣọ tó dára, káàdì sì wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí a dé, ìlà ti gùn, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó wọ táì bíi tèmi. Ó kàn wá. Akọ̀wé gba káàdì, ó wo ìbuwọ́lù pásítọ̀, ó gbọ́ ẹ̀rí Ìyá. Ó wá wo obìnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

“Ta nìyí?”

Gbogbo ìlà ló ń gbọ́. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ni.”

Akọ̀wé wo gígùn mi, ó wo bí Dadá ṣe kéré.

Dadá ní, “Ẹ má wo gíga rẹ̀, ọ̀gá. Ọmọdé ṣì ni.”

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó kọ orúkọ mi sílẹ̀, ó tẹ òǹtẹ̀. Mo yíjú láti lọ. Dadá ní kí n dúró, kò tíì tán. Níwájú gbogbo àwọn tí a jọ fẹ́ ṣe ìdánwò, ó fa táì mi tọ́, ó lá àtàǹpàkò rẹ̀, ó sì fi nu ẹ̀kọ òwúrọ̀ tó gbẹ sí mi ní àgbọ̀n. Mo dúró jẹ́ẹ́, mo jẹ́ kó nù ún mọ́.